Mo Jókòó Títí Ẹ̀jẹ̀ Fi Dì Sí Mi Lẹ́sẹ̀

Mi ò kú, inú sì ń bí mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ méjèèjì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, kí n gbọ́wọ́ sókè, kí n sọ pé Olúwa ló yọ mí, kí n sì padà sáyè mi. Olúwa ló yọ mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan wà tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ara rẹ̀ sí. Èmi ni mo kó ara mi sí eléyìí, àwọn kan sì ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí yín lẹ́sẹ̀, tẹ́rù ń bà, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Mo sì ń kọ ọ́ sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ojoojúmọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí nǹkan kan ò tíì ṣe.

Fúnmi lorúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Jonesboro, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ni èmi, ọkọ mi Kúnlé, àti Tómi ọmọbìnrin wa ń gbé. Ọ́fíìsì kan ní Morrow, ìlú tó wà nítòsí wa, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa la máa ń kọ ìwé táwọn dókítà fi ń gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ insurance. Mẹ́sàn-án la jẹ́ nínú yàrá kan, méje nínú wa jẹ́ Yorùbá. Ọ̀gá wa náà, Yorùbá ni, díákónì sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ. Uncle Débọ̀ la máa ń pè é.

Gbogbo kọ̀ǹpútà wa ló ní iná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó ń lò ó. Tí ìka rẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, iná yẹn á máa tàn ní àwọ̀ ewé. Tó o bá gbọ́wọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, á di àwọ̀ yẹ́lò. Uncle Débọ̀ ní ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan lára ògiri níbi tí orúkọ gbogbo wa àti iná wa wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, á ka orúkọ àwọn tí iná wọn ò yí padà rárá, a ó sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá léraléra ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo mọ iye rẹ̀ torí pé mo ń kà á. Inú mi ń dùn sí i bí ọmọ iléèwé tó gbapò kìíní.

Ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi ni Denise. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, aláwọ̀ dúdú, ó sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, á dìde, á bu omi, á jáde, á yí ilé náà po lẹ́ẹ̀kan, á sì padà wá jókòó. Iná rẹ̀ ló máa ń di yẹ́lò jù nínú gbogbo wa. Àwa Yorùbá máa ń fi èdè wa ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní ojú rẹ̀.

"Màmá tún ti lọ ka mọ́tò," Sister Rónkẹ́ á wí, òun ló jókòó níwájú mi.

"Kó kà á kó pé o," ẹlòmíì á dáhùn.

Èmi náà sọ tèmi. Mo ní, "Ká ní Nàìjíríà ni, ebi ì bá ti pa á." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo kọ ọ́ síbí kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, Uncle Débọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbààwẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi wákàtí oúnjẹ ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ máa wo ojú ara yín ni? Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Kẹ́ ẹ fi wákàtí kan ṣáájú lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ gbàdúrà."

Ṣé ẹ mọ ohun tá a sọ? A ní, "Àmín." Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Ọlọ́run á bù kún yín, Uncle." Wọ́n gba ìsinmi kan ṣoṣo tá a ní lọ́wọ́ wa, a sì gbàdúrà fún ẹni tó gbà á.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọjọ́ mi ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ikú ti fẹ́ wọlé. Mo ń jókòó ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Mo ń dìde ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Mi ò mu omi, nítorí náà mi ò nílò ilé ìtọ̀. Mi ò jẹun, nítorí náà mi ò lọ sí yàrá oúnjẹ. Ó ní ọjọ́ tí mo dìde lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọjọ́ tí mi ò dìde rárá. Mo tún ní àṣà burúkú kan: mo máa ń ká ẹsẹ̀ òsì mọ́ abẹ́ ara mi lórí àga, kí n jókòó lé e. Tí mo bá délé, mo tún ń jókòó sídìí fóònù fún àdúrà tí gbogbo ìjọ ń gbà pa pọ̀. Mo rò pé mò ń pa ara mi mọ́. Mò ń sé ẹ̀jẹ̀ mọ́ inú ẹsẹ̀ mi ni.

Mi ò kàwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo ti ka gbogbo ohun tí mo rí kà lórí ọ̀rọ̀ yìí látìgbà náà, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọkàn ló ń ta ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ìyẹn rọrùn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ta ló wá ń gbé e padà sókè? Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ni. Nígbàkígbà tá a bá gbẹ́sẹ̀, ẹran yẹn á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, á sì ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan náà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ já bọ́ padà. Ó dà bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga. Tó o bá ti jọ̀wọ́ okùn, omi ò ní fúnra rẹ̀ gòkè. Ẹni tó jókòó fún wákàtí méje láìdìde ti jọ̀wọ́ okùn fún wákàtí méje. Tí omi bá tún gbẹ nínú ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ki. Ẹ̀jẹ̀ tó ki, tó sì dúró lójú kan, á dì.

Ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀, ọjọ́rú, ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ó ṣe mí bí ẹni tí iṣan fà lẹ́yìn ojúgun òsì. Mo rò pé ààwẹ̀ ni. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ nírọ̀lẹ́, àmì rẹ̀ jìn sínú ẹran bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì í. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ó sì gbóná. Mo gbé ọwọ́ lé ọ̀tún, ó tutù. Mo gbé e lé òsì, ó ń móoru. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ti wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn nígbà náà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá. Wọ́n rí i pé mò ń tiro.

"Ìyá Tómi, kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Iṣan ló fà, Màmá."

"Iṣan wo? Wá jókòó síbí." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. "Ṣé o ò tẹ nǹkan níbi iṣẹ́ yín ṣá?"

Kúnlé bú sẹ́rìn-ín láti ibi tó ti ń fọ abọ́. "Màmá, ní Morrow? Ta ló máa gbé nǹkan sílẹ̀ ní Morrow?"

"Ṣé èèyàn burúkú ò ń gbé Morrow ni? Máa fọ abọ́ ẹ lọ."

Wọ́n gbé omi gbóná àti òrí wá. Wọ́n rẹ aṣọ ìnura sínú omi náà, wọ́n fi jó o, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n wá ń fi ìkúùkù ti ẹran náà láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè sí orúnkún. Ó dùn mí, ó sì tù mí lára. Wọ́n ṣe é ní ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣe é ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún ṣe é ní Sátidé. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò ní purọ́ mọ́ ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà ṣe é: ẹsẹ̀ kan tó wú, tó gbóná, tó ń dun èèyàn láìjẹ́ pé ó gbá nǹkan, ẹ má ra á. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi omi gbóná jó o. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín já a kúrò níbi tó wà, kẹ́ ẹ sì fi í ránṣẹ́ sókè sí àyà.

Ní Sátidé yẹn kan náà, Kúnlé gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí kì í béèrè àdéhùn. A dúró fún wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Ọkùnrin tó wò mí kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò fi ẹsẹ̀ méjèèjì wé ara wọn. Kò béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ní iṣan ló fà, ó fún mi ní oògùn ìrora, ó ní kí n sinmi.

"Kí n sinmi báwo?" mo bi í.

Ó ní, "Máa jókòó, kó o gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè."

Kí n máa jókòó!

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ààwẹ̀, mo gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa. Ìpele mẹ́rìnlá ló ní. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, èémí mi tán. Mo di irin mú, mo dúró, mo tún gùn ún. Bí mo bá fẹ́ mí kanlẹ̀, nǹkan á gún mi lábẹ́ egungun ìhà òsì bí abẹ́rẹ́. Mo jókòó. Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì torí pé kò gbà á mọ́. Mo ń tẹ kọ̀ǹpútà. Iná mi wà ní àwọ̀ ewé.

Ó tó aago mọ́kànlá kí Denise tó ti ìta wọlé, tó sì rí ẹsẹ̀ mi. Kò jókòó. Ó ní kí n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú kí òun rí wọn. Mo nà wọ́n.

"Ṣé èémí ń nira fún ọ?"

Mo sọ fún un pé ààwẹ̀ ni mò ń gbà.

"Mi ò béèrè bó o ṣe ń jẹun. Èémí rẹ ni mo béèrè."

Mo ní, "Díẹ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó sọ ọ́ sí mi létí kí àwọn yòókù má baà gbọ́. "Bí àbúrò mi ọkùnrin ṣe kú nìyí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ló di èémí. Látọjọ́ tá a ti sin ín ni mi ò ti jókòó ju wákàtí kan lọ mọ́. Dìde, ká lọ."

Nítorí ikú àbúrò rẹ̀ ló ṣe ń yí ilé náà po, a ní mọ́tò ló ń kà.

Uncle Débọ̀ ti rí wa. Ó wá, ó rọra sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. "Sister Fúnmi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́ta. Wákàtí mẹ́rin péré ló kù. Bọ̀dá Kúnlé á wá gbé yín lọ."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo tún jókòó. Mi ò lè mí, ẹsẹ̀ mi ti tóbi bí ti ẹlòmíì, ọ̀gá mi ní kí n fi wákàtí mẹ́rin mú un mọ́ra, mo sì jókòó! Denise ló mú àpò mi kúrò lórí tábìlì, tó fà mí lọ́wọ́. Uncle Débọ̀ fi òyìnbó sọ fún un pé iná rẹ̀ ti ń yí padà. Denise ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Jẹ́ kó yí sí àwọ̀ tó bá wù ú."

Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ mi láyà, wọ́n ní ọkàn mi ń lù dáadáa, wọ́n sì dá mi padà sórí àga láti dúró. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ di ọwọ́ ló jókòó tì mí, ọmọdé kan ń wúkọ́ lẹ́yìn wa, tẹlifíṣọ̀n sì ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yan àkàrà òyìnbó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Denise lọ sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba orúkọ aláìsàn. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó pariwo débi tí gbogbo èèyàn fi gbójú sókè: "Ẹsẹ̀ kan ló wú, kò lè mí, ẹ sì gbé e sórí àga!" Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì kan jáde wá.

Ọmọbìnrin kan da nǹkan yíyọ̀ tútù sí mi lẹ́sẹ̀, ó ń fi ẹ̀rọ kan tẹ̀ ẹ́, ó ń wo inú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Mo ti kà á lẹ́yìn náà pé iṣan tó dáa máa ń pa dé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Tèmi ò pa dé. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ mìíràn láti wo àyà mi. Nígbà tí Kúnlé máa fi dé, dókítà ti dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì mi, obìnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì láti abẹ́ orúnkún dé itan. Ó ní díẹ̀ ti já, ó ti gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró mi, apá méjèèjì.

"Ṣé màá kú?"

"Ó dáa tó o wá lónìí," ó ní. Kò sọ pé rárá. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti ra ẹsẹ̀ yìí?"

Mo wo Kúnlé. Òun ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Màmá dé pẹ̀lú ike omi ọsàn kan tí wọ́n rọ àgbo kún, wọ́n fi ìborùn bò ó. Ẹbí ti dìde lórí fóònù: àǹtí ọkọ mi kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní kí n jẹ ata ilẹ̀, ẹlòmíì ní kí n jẹ aáyù tútù, ẹnì kan ní kí pásítọ̀ wá fi òróró pa ẹsẹ̀ náà.

"Mu ún," Màmá wí. "Ó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìyá tó sè é ti fi wo èèyàn."

Kúnlé gba ike náà. "Màmá, oògùn tí wọ́n ń fún un kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Tí àgbo náà bá tún ń yọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ara ẹ̀ láìdúró."

"Ṣé o ti wá di dókítà? Èmi ni mo wo ìgbóná tó fẹ́ẹ́ pa ẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Inú ti ń bí mi látàárọ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe wà, pé dókítà ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ẹsẹ̀ náà, pé ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni díẹ̀ ti já lọ sí àyà mi. Màmá jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ẹ́ pa ẹ́?"

Mi ò tètè dáhùn. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní. Ìgbà tí mo máa fi sọ pé, "Màmá, ẹ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀," wọ́n ti ń fi ìborùn nu ojú. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ta ni mò ń bínú sí, Màmá kọ́. Ta ló sọ fún wọn rí? Ta ló sọ fún mi? Ọdún méje ni mo ti fi ń kọ ìwé àìsàn ẹlòmíì. Ìwé ẹ̀jẹ̀ dídì ti kọjá lọ́wọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é nínú ìwé owó. Mi ò mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn.

Ilé ni ẹ̀rù ti wá dé. Bí mo bá wúkọ́, màá rò pé ó ti já. Bí àyà mi bá lù ní ẹ̀ẹ̀kan tó le, màá pe Kúnlé. Iléeṣẹ́ insurance kọ́kọ́ kọ̀ láti san owó oògùn mi, wọ́n ní kí dókítà ṣàlàyé ìdí tí mo fi nílò rẹ̀. Irú lẹ́tà yẹn gan-an ni mò ń fèsì sí lójoojúmọ́. Mo fèsì sí tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n san án.

Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rù ni wíwọ̀n. Mo ra téèpù àwọn télọ̀. Mo fi báírò sàmì sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ìbú ọwọ́ kan sí abẹ́ orúnkún, kí n lè máa wọn ojú kan náà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń wọ̀n ọ́n, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí mo délé, òsì jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínlógún ààbọ̀, ọ̀tún jẹ́ mẹ́rìnlá. Mo ka iye ìgbésẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìdáná: méjìlélógún. Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ìgbà tẹ́ ẹ lè máa rìn. Wọ́n ní kí n tètè bẹ̀rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu. Ẹ má sì ṣe fo oògùn kan, kì í báà ṣe ọjọ́ kan.

Mo padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Mo gbé ìwé dókítà dání: kí n máa dìde rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kọ̀ọ̀kan, kí n máa mu omi, kí n má sì fi wákàtí oúnjẹ ṣiṣẹ́ mọ́. Uncle Débọ̀ pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Kò burú. Ẹ máa dìde. Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò lára ògiri. Àmọ́, Sister Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, kó wà láàárín wa. Tí gbogbo wọn bá ń gba break, ta ló máa ṣiṣẹ́?"

"Uncle, ẹ̀jẹ̀ àwọn yòókù ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ń bẹ fún wọn."

Mo jáde. Oṣù méjì gbáko ni mo fi pa á mọ́ra. Mo ń dìde, mo ń rìn pẹ̀lú Denise, àwọn yòókù sì rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe aláìsàn. Mo gba ìlera tèmi bí ẹni gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Denise fún yẹ̀yẹ́ tá a fi í ṣe. Ó ní, "Mo máa ń mọ̀. Ẹ̀rín ò nílò ògbufọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sister Rónkẹ́ tẹ̀ lé mi wọ ilé ìtọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. "Fúnmi, wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé bí tìẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí?"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wú. "Ìgbà wo lo rí i?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

"Òní ni Ọjọ́bọ̀, Rónkẹ́!"

"Mò ń dúró kí ọ̀sẹ̀ parí ni. Wọn ò tíì ka orúkọ mi rí."

Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀. Omi ló kórajọ síbẹ̀ látinú ìjókòó. Inú mọ́tò lójú ọ̀nà ilé ló ti sunkún. Èmi ò sunkún. Orúkọ tí wọn ò tíì kà ló fẹ́ kú fún, èmi tí mo mọ̀ sì ti pa ẹnu mọ́ fún oṣù méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, kí Uncle Débọ̀ tó la ìwé orúkọ, mo dìde. Mo gbé etí ṣòkòtò mi sókè. Mo fi ẹsẹ̀ òsì hàn wọ́n, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí dókítà ní kí n máa wọ̀, tó fún un pinpin. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín níbí, mo fi Yorùbá sọ ọ́, mo tún fi òyìnbó sọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé Ọlọ́run tó pè wá sí ààwẹ̀ ò ní ká má dìde, pé èèyàn ló fi èyí kún un. Mo sọ ohun tí Uncle ní kí n má sọ. Iná gbogbo wọn di yẹ́lò lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ò sọ pé gbogbo wọn ti ń dìde o. Àwa mẹ́ta la ń rìn báyìí: Denise, Rónkẹ́, àti èmi. Àwọn yòókù ṣì jókòó. Ọ̀kan bú mi pé mo fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu òun.

Ní ti ara mi, ẹsẹ̀ òsì ti wálẹ̀ sí ínṣì mẹ́rìnlá ààbọ̀ láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́ ó máa ń di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní ó lè má rí bí ọ̀tún mọ́ láé. Mò ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mo sì máa ń ṣọ́ra fún ọ̀bẹ nílé ìdáná torí ẹ̀jẹ̀ mi kì í tètè dá. Mo ti ń gun ìpele mẹ́rìnlá náà láìdúró, ṣùgbọ́n èmi àti ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé òkè. Àyà mi ṣì ń já bí mo bá wúkọ́.

Uncle Débọ̀ ti fi ìwé ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n wá sí yàrá òun lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, ká jókòó sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá màá ṣì níṣẹ́ nígbà tá a bá parí. Mo ti fèsì. Mo ní mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n orí ìdúró ni mo máa wà.